Ẹ̀ẹ̀kan Péré Ni Irja Béèrè

Bí o bá gbé kọfí fún Reino Kivelä, rárá ni yóò kọ́kọ́ sọ. Bí o bá tún gbé e fún un, yóò ní kó o má yọ ara rẹ lẹ́nu, òun ò tilẹ̀ fẹ́ pẹ́. Ìgbà kẹta ni yóò tó ní, ó dáa, díẹ̀ péré o, yóò sì mu ún tán, yóò mu òmíràn lé e. Kì í ṣe òun nìkan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn ní gbogbo etí Adágún Superior, láti ìlú Duluth títí dé ẹnu ibodè Kánádà. Ẹni tó bá nawọ́ gba nǹkan nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, ojú ọ̀kánjúwà ni wọ́n máa fi wò ó. Ẹni tó bá sì fi nǹkan lọni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó gbé e padà, òun náà ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n ọmọ tí ò tíì ká eyín níbẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Irja, ọmọbìnrin Reino, mọ̀ ọ́n nígbà kan rí. California ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí Reino máa ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ́, torí kété lẹ́yìn ìsìnkú ìyá rẹ̀ ni Irja ti gba ibẹ̀ lọ, ibẹ̀ náà ló sì ti fẹ́ Garrett. Garrett kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n bí o bá bi í pé ṣé ebi ń pa á, bẹ́ẹ̀ ni yóò sọ, lójú ẹsẹ̀, láìtijú. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, kí la fẹ́ ṣe fún un?

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n wá kí bàbá nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, ìkíni náà sì ní ọ̀rọ̀ nínú. Garrett ti ríṣẹ́ sí Ọsirélíà. Bí ewé bá ti ń rẹ̀, wọ́n ń lọ nìyẹn. Irja ní àwọn á máa wá sílé dáadáa. Reino mi orí, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọmọdé. Orúnkún rẹ̀ ń dún bó bá ń gun àtẹ̀gùn, èjìká ọ̀tún rẹ̀ kò gbé nǹkan kọjá orí mọ́. Ó mọ ohun tí “a ó máa wá” ń jẹ́ lẹ́nu ẹni tó ń lọ síbi tí ilẹ̀ ti ń mọ́ nígbà tí tiwa ń ṣú.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ kí ọmọ náà tó lọ. Ó fẹ́ di okùn rẹ̀ mú lórí àpáta lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àpáta pupa kan wà lẹ́yìn ìlú wọn tó já sínú adágún gbọnrangandan. Níbòmíràn, ìdí òkè ni àwọn agunkè ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn a sì máa wò ó lókè. Èyí kò ní ìdí. Omi ni ìdí rẹ̀. Orí rẹ̀ lo ti máa bẹ̀rẹ̀: ẹnì kan á so ara rẹ̀ mọ́ igi páìnì, á fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ibi pẹrẹsẹ kékeré kan tí ìgbì ń lá, ìwọ á wá máa gùn ún padà bọ̀, òun á sì máa fa okùn náà mọ́ra bó o ṣe ń bọ̀, kó o má baà já lulẹ̀ bí ọwọ́ rẹ bá yọ̀. Ẹni tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ náà ni yóò fà ọ́ wálé. Bó o bá wà nísàlẹ̀, o ò lè rí i torí àpáta náà tẹ̀ síwájú, o ò sì lè gbóhùn rẹ̀ torí ìgbì. Okùn nìkan lo ní.

Irja kò tíì ní eyín iwájú tán nígbà tí Reino kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sínú mọ́tò, ó fi aṣọ bojú, ó ní òun ò fẹ́ rí i. Láti ọjọ́ náà títí Irja fi kúrò nílé, kò sí ọwọ́ mìíràn tó di okùn ọmọ yẹn mú lórí àpáta yẹn.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹja tí Reino fi èéfín yan, tí Irja gbójú sókè tó ní, “Bàbá, ọ̀la la fẹ́ lọ sórí àpáta. Ṣé ẹ máa wá di okùn mú fún mi?” inú Reino dùn ṣìnkìn. Ó wá ṣe ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe. Ó kọ̀.

Ó ní rárá o, kí àwọn ọ̀dọ́ máa lọ, ṣebí Garrett wà níbẹ̀. Ó nawọ́ mú búrẹ́dì, ó ń fi bọ́tà pa á lára wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń dúró de ẹ̀ẹ̀kejì.

“Ó dáa,” ni Irja wí. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí bí afẹ́fẹ́ ọ̀la yóò ṣe rí.

Ó dáa kẹ̀? Kí Reino tó mọ ohun tó ń ṣe, bọ́tà tó wà lórí búrẹ́dì rẹ̀ ti nípọn ju búrẹ́dì lọ. Ó rò pé bóyá ó di ìgbà tí wọ́n bá ń fọ abọ́. Ó dìde, ó mú aṣọ ìnuwọ́, ó dúró ti Irja, ó ń nu àwo tó ti gbẹ. Ó ní okùn tuntun tí wọ́n rà yẹn mà fúyẹ́ o. Irja ní bẹ́ẹ̀ ni. Reino ní ó ti pẹ́ tí òun ti di okùn mú gbẹ̀yìn. Irja fi ọwọ́ tó lọ́ṣẹ kàn án ní apá, ó ní kó sinmi, ó ti ṣe tó. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni o, kò sí àní-àní. Bí wọ́n sì gbá Reino létí ni, ì bá sàn fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wọ bàtà ìrìn-òkè rẹ̀ kí àwọn yòókù tó jí. Ó lọ mú bẹ́líìtì ìgunkè rẹ̀ àtijọ́ lórí ìṣó nínú yàrá ẹrù, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kọfí, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn débẹ̀. Ó wá jókòó, ó ń wo fèrèsé. Irja jáde, ó wo bàtà náà, ó bi í pé ṣé ó fẹ́ jáde ni. Reino ní rárá, òun kàn wọ bàtà ni. Garrett ní tirẹ̀ rí bẹ́líìtì lórí tábìlì, ó ní bí Bàbá bá fẹ́ sọ ọ́ nù, òun lè bá wọn gbé e jù síta bí àwọn bá ń lọ. Àtọkànwá ló fi sọ ọ́. Reino ní kó fi í sílẹ̀. Irja fẹnu ko bàbá rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n kó okùn sínú mọ́tò, wọ́n lọ.

Ilé Lempi, ẹ̀gbọ́n Reino obìnrin, ló kọjú sí tirẹ̀. Lempi ń gé búrẹ́dì dídùn nígbà tí Reino wọlé pẹ̀lú bàtà òkè lẹ́sẹ̀ àti ojú bí ẹni tí òkú sùn nílé rẹ̀. Ó fi kọfí lọ̀ ọ́, Reino kọ̀. Lempi bi í pé kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan kan, kò burú jù. Obìnrin náà kì í ṣe ọmọ àná. Ó ní kó jókòó kó sọ ọ́, Reino sì sọ ọ́.

“Ẹ̀ẹ̀melòó ló bi ọ́?” ni Lempi wí.

“Ẹ̀ẹ̀kan.”

Lempi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Ẹ̀ẹ̀kan péré? Irja tiwa yìí?” Ó mí kanlẹ̀, ó bú California tèébú-tèébú, ó bú oòrùn ibẹ̀, ó bú ọsàn ibẹ̀, tí Reino fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ara òun ti ń balẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Nígbà tí Paavo ọmọ mi kọ́lé sí Denver,” ó ní, “ó ní kí n máa bọ̀ wá bá òun gbé. Ó ní yàrá mi ti wà níbẹ̀. Mo ní rárá, mi ò fẹ́ di ẹrù sí wọn lọ́rùn.”

“Ẹ ò sọ fún mi rí.”

“Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ṣì ń dúró kó tún bi mí.”

Reino kò mọ ibi tó fẹ́ wò. Ìyàwó Paavo lóyún nígbà tí wọ́n kọ́ ilé yẹn, ọmọ inú oyún náà sì ti ń fá irùngbọ̀n báyìí. Lempi bu kọfí sínú ife, kò fi lọ ẹnikẹ́ni mọ́, ó kàn gbé e ka iwájú àbúrò rẹ̀. “Mu ún, kó o lọ bá ọmọ rẹ,” ó ní. “Lọ la ẹnu rẹ. Àbí o fẹ́ wá bá mi jókòó síbí ni, kí àwa méjèèjì jọ máa dúró?”

Ó mu ún gbígbóná. Ó dìde, ó padà sílé lọ mú bẹ́líìtì rẹ̀.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gun orí àpáta náà kò jìn, ṣùgbọ́n orúnkún Reino bá a ṣẹjọ́ ní gbogbo kọ́nà. Nígbà tó yọ sí wọn, Garrett ti so ara rẹ̀ mọ́ igi páìnì, Irja ń fi ẹfun pa ọwọ́ kó má baà yọ̀, ó kù díẹ̀ kó sọ̀ kalẹ̀. Ẹnu ya àwọn méjèèjì. Wọ́n ní ẹ káàbọ̀. Reino ní afẹ́fẹ́ ti yí sí ìlà oòrùn. Irja ní bẹ́ẹ̀ ni. Reino ní ìgbì á pọ̀ tó bá di ọ̀sán. Irja ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Garrett na ìgò omi sí i, Reino ní rárá, Garrett sì dá ìgò náà padà sínú àpò, bẹ́ẹ̀ ọ̀fun bàbá ti gbẹ bí èèpo igi. Ó dúró, ó ń wo ọkọ̀ ojú omi kan tó kó irin tó ń lọ lókèèrè. Ọkọ̀ náà lọ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ìkùukùu.

“Irja,” ó ní. “Èmi ni mo fẹ́ di okùn rẹ mú.”

Ọkùnrin tó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin láti ìgbà ọ̀dọ́ títí dọjọ́ ogbó láìtọrọ àga lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Òógùn bò ó níwájú orí.

Irja wo èjìká rẹ̀. Ó rọra ní, “Èjìká yín ńkọ́, Bàbá? Garrett náà ti so ara ẹ̀ tán. Ẹ jókòó síbi òkúta yẹn, kẹ́ ẹ máa wò wá.”

Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo wí, ẹni tó ń fúnni ló ni ín. Ẹni tó ń tọrọ kò ní ju ẹyọ kan lọ, bí wọ́n bá sì ti kọ̀ fún un, ohun tó kù ni kó ní ó dáa, kó yí ọ̀rọ̀ sí ti ẹja. Reino ti ya ẹnu láti ní ó dáa. Lempi ló rí lójú inú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀bẹ búrẹ́dì lọ́wọ́, tó ṣì ń dúró.

“Mo ní mo fẹ́ ẹ,” ó ní. “Mo fẹ́ ẹ lánàá. Mo fẹ́ ẹ nígbà tí mo ní rárá.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi wá ní rárá?”

“O ò tún bi mí.”

Garrett wo ìyàwó rẹ̀, ó wo bàbá, ó bèèrè pé ṣé kò sí nǹkan. Irja gbé ọwọ́ ẹlẹ́fun sókè pé kó dákẹ́. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó jókòó sórí àpáta.

“Lẹ́yìn ìsìnkú Màámi,” ó ní, “mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo bi yín pé ṣé kí n má lọ mọ́.”

“Mo ní kó o máa lọ. Mo ní ara mi le.”

“Ẹ̀ẹ̀kan ni mo bi yín.”

“Ẹ̀ẹ̀kan ni,” ni Reino wí.

“Kì í ṣe pé mo gbàgbé, Bàbá. Mo mọ iye ìgbà tó yẹ kí n bi yín. Ẹ̀rù ló bà mí pé bó bá dẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ máa ní kí n dúró.” Ó nu imú rẹ̀, ẹfun sì kùn ún lójú. “Látìgbà yẹn, mi ò bi ẹnikẹ́ni ju ẹ̀ẹ̀kan lọ mọ́.”

Ìgbì ń gbá ìdí àpáta nísàlẹ̀. Gbogbo ọdún tí Reino fi ń dá California lẹ́bi! Ó ti ń bá ìlú ẹni ẹlẹ́ni jà lọ́kàn rẹ̀, ó ti ń dárí ji ọmọ tó rò pé wọ́n mú gbàgbé, ọmọ náà ò sì gbàgbé nǹkan kan. Ó ti mọ̀ pé bàbá òun ń dúró kí òun tún bi í. Ó mọ̀, ó sì rìn lọ. Ó dun Reino, bó sì ti ń dùn ún ni ohun kan ń tú nínú rẹ̀, torí òun náà mọ ìdáhùn tí òun ì bá fún un.

“Ǹ bá ní kó o dúró,” ó ní.

“Mo mọ̀.”

“Ó dáa bó o ṣe lọ.” Ó wo adágún, kò lè wo ọmọ rẹ̀ ní ojú sọ èyí tó kàn. “Ṣùgbọ́n àárò rẹ ń sọ mí, Irja. Bó o ṣe wà nílé lọ́sẹ̀ yìí náà, ó ń sọ mí.”

Irja dìde, ó lọ bá ọkọ rẹ̀, ó sọ fún un pé kó tú ara rẹ̀ kó fi ààyè sílẹ̀ fún Bàbá. Garrett kò bèèrè ìdí, ìyẹn ni mo ṣe ní kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó so Reino mọ́ igi, ó yẹ kókó okùn wò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì di ìdí okùn mú lẹ́yìn rẹ̀ bó bá ṣẹlẹ̀ pé èjìká yẹn dalẹ̀. Reino rí i, kò sì bínú. Bóun náà bá wà nípò rẹ̀, ohun tó máa ṣe nìyẹn.

Irja fẹ̀yìn rìn dé etí àpáta. Ó wo bàbá rẹ̀. Ó tẹ̀ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, àyà rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ náà wá lọ, ó wá ku okùn.

Ó wúwo ju bí Reino ṣe rántí rẹ̀. Àbí òun ni kò lágbára mọ́? Ó rọra ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, okùn náà ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń gbóná. Nígbà tí okùn dẹ̀, ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ Irja ti kanlẹ̀ létí omi. Ó dúró. Okùn fà lẹ́ẹ̀mejì: mo ń bọ̀.

Ó ń fà á mọ́ra ní ìwọ̀nba, kò jẹ́ kó dẹ̀, kò jẹ́ kó le. Kò sí ohun tó ń rí ju etí àpáta àti omi lọ, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ọmọ náà wà bí ẹni pé ó ń wò ó. Ó dé ibi tí ọwọ́ ti máa ń wọ pàlàpálá àpáta dé ìgbọ̀nwọ́. Ó dé abẹ́ ibi tó tẹ̀ síwájú, níbi tó máa ń ti sunkún nígbà tó wà ní kékeré, tó máa ń ké pé òun ò lè ṣe é, tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́. Okùn dúró síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni okùn fà wálẹ̀ lójijì, gbogbo ìwúwo Irja sì bọ́ sọ́wọ́ Reino lẹ́ẹ̀kan náà. Èjìká rẹ̀ gbóná bí iná. Garrett sún mọ́ ọn. Reino mi orí, ó wa ẹsẹ̀ mọ́ gbòǹgbò páìnì, ó gbé ọmọ rẹ̀ dání títí ọwọ́ Irja fi rí àpáta mú padà, tí okùn sì fúyẹ́.

Ó tún ń bọ̀. Gbogbo ìwọ̀n tí Reino bá fà mọ́ra, ìwọ̀n tó kù kí gbogbo rẹ̀ parí nìyẹn. Ó fẹ́ kó gòkè láyọ̀. Ó sì fẹ́ kí àpáta náà ga sí i, kó ga dé ọ̀run, kí òun máa fà á títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí ọmọ náà má dé. Ojú tì í pé ó rò bẹ́ẹ̀, ó sì tún ń rò ó.

Ọwọ́ funfun kan yọ létí àpáta. Èkejì yọ. Irja wọ́ ara rẹ̀ gòkè, ó dojú bolẹ̀ lórí òkúta, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, orúnkún rẹ̀ ti bó. Ó rákò wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó so ara rẹ̀ mọ́ igi, ó jókòó. Èjìká rẹ̀ kan ti bàbá.

“Mo ti dé, Bàbá,” ó ní. “Ẹ lè tú okùn sílẹ̀.”

“Mo gbọ́,” ni Reino wí. Ọwọ́ rẹ̀ kò tú. Okùn náà ṣì le koko láàárín àwọn méjèèjì.

Irja wo ọwọ́ náà. Kò tún un sọ.